Bàbá mi da oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nù, aáyù ni wọ́n ń mu. Ewé wo ló ń fà á wálẹ̀ lóòótọ́?

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Wọ́n pé ọdún 64 lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn tipẹ́. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn nìyí: kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lápapọ̀ 268, LDL 182, HDL 41, triglyceride 225, mg/dL ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa lo atorvastatin 20 mg, ẹyọ kan lójúmọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni wọ́n lò ó. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wọn pé oògùn yẹn ń jẹ ẹ̀dọ̀, pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́ títí ayé. Ni wọ́n bá da ìyókù sí ṣálángá.

Láti ìgbà náà, ike Bournvita kan ló ń bẹ lórí tábìlì ìjẹun wa. Aáyù, atalẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin ni wọ́n lọ̀ pọ̀ sínú rẹ̀. Ṣíbí mẹ́ta ni láàárọ̀ kí nǹkan kan tó kan ẹnu wọn. Òórùn rẹ̀ ti wọ kọ́tìnnì pálọ̀. Wọ́n tún ra àgúnmu kan lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé ó ń wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí, aràn àti ojú tó ń ṣe bàìbàì.

Mi ò kórìíra ewé o. Àgbo ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ewé kan wà tó ń fa ọ̀rá yìí wálẹ̀, tí ẹni tó lò ó sì rí i nínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé ara yín fúyẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ewúro ni o, ọmọ mi. Ẹ já a ní tútù, ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ fún bàbá, ife kan láràárọ̀. Ìyá ọkọ mi mu ún títí wọ́n fi pé ọdún 87. Oògùn òyìnbó kò kan ẹnu wọn.

Táyé Mushin

Aáyù náà kò ní àbùkù. Àwa tí a jọ ń sáré láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wa là ń jẹ ẹyọ méjì. Bàbá ò ṣe nǹkan burúkú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó lọ.

Apòògùn Ọ̀ṣun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá mi rèé. Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ omi ewúro, tí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀? Kì í ṣe pé mo fẹ́ já yín nírọ́. Ohun tí Àkànkẹ́ béèrè gan-an nìyẹn.

Àkànkẹ́, ẹ jẹ́ kí n ka ìwé yẹn fún yín, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàlàyé fún wọn. Ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà lára wa. Kò burú látilẹ̀. Òun lara fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, òun ló sì fi ń ṣe họ́móònù kan. LDL ló ń rù ú kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á ráyè wọ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, títí ibẹ̀ á fi ya lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ á dì sí i. Bó bá jẹ́ òpó ọkàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. HDL ń kó o padà sí ẹ̀dọ̀. Triglyceride ní tirẹ̀ ni ọ̀rá tí ara tọ́jú pamọ́ láti fi ṣe agbára. Ṣúgà, ọtí àti ara sísan ló sábà máa ń gbé e sókè. LDL 182 pọ̀ fún ẹni 64 ọdún tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Atorvastatin ń dí ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀dọ̀ bá rí i pé tòun kò tó mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń na ọwọ́ sí, á máa fa LDL wọlé. Bó ṣe ń wálẹ̀ nìyẹn. Lóòótọ́ ó lè yọ ẹ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ lẹ́nu, ó sì lè mú kí iṣan ro àwọn mìíràn, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ṣùgbọ́n kì í di bárakú. Ẹni tó bá dá a dúró, LDL rẹ̀ á kàn padà síbi tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Ìyá Ìbejì

A ò yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́. Ara wọn kàn le ni.

Ọmọ Ẹlẹ́wé

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí inú ewé ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ta ewé àti egbò ní ọjà Bodè n'Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn èèpo igi tútù, ìsọ̀ wọn ni ọkàn mi ń lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń di àgbo ibà, mo mọ èyí tí wọ́n ń ṣà fún abiyamọ, mo mọ èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníbàárà ló gbé e wá láti ọsibítù nígbà tó yá. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí ibà bá ń ṣe, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Bí ó bá mu àgbo, tí ara rẹ̀ tutù lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó se àgbo mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n se. Bí kò bá tutù, á yọ èèpo kan kúrò, á fi òmíràn sí i. Ojú aláìsàn ni àwọn baba wa fi kọ́ ewé. Ìgbẹ́ gbuuru dúró, tàbí kò dúró. Ojú ọgbẹ́ ń pa dé, tàbí kò pa dé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ojú tí a lè wò. Kì í dunni, kì í yúnni, kì í mú ara gbóná. Èèyàn lè gbé LDL 200 kiri fún ogún ọdún, kó máa jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi ìnáwó. Báwo wá ni bàbá ńlá ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ mọ̀ pé ewé yìí ló fà á wálẹ̀? Kí ló fi wò ó?

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde nínú bọ́ọ̀sì, tó ní ogún ìdílé òun ni àgúnmu ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, mo mọ̀ pé nǹkan tuntun ló fi aṣọ àtijọ́ wé. Mi ò sọ pé ewé kò lè ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé láìfa ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kò sẹ́ni tó lè mọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi àti ìyá mi.

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Ọmọ Ẹlẹ́wé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Màá kà á sí bàbá létí lálẹ́ òní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ gbà mí láàyè kí n béèrè nǹkan kan sí i. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ike àgúnmu náà, ìyẹn ni bàbá fi ń bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?

Apòògùn Ọ̀ṣun

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n gbà kí wọ́n máa tà á, lórí pé kò dà bí ohun tó máa pa èèyàn lára. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wínníwínní yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá lára ike, kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Ará Peckham

London ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi jẹ́ 6.8 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mmol/L ni wọ́n ń kọ níbí o. Ẹ fi 38.67 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó fi wé ti Nàìjíríà: 6.8 tèmi ń lọ sí 263. Ẹ̀gbọ́n mi kan n'Ìkòròdú tó ní 230 rí tèmi lórí WhatsApp, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún pé tòun ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé tèmi ló burú jù.

Dókítà fún mi ní simvastatin, mo sì ń lò ó. Mo wá ka ibì kan pé ìrẹsì pupa àwọn ará Ṣáínà, red yeast rice, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àti pé ohun àdáyébá ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Mo rà á, mo ń lo méjèèjì pọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, itan mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí ro mí bí ẹni tó gun Olúmọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ kan. Mi ò lè dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé mo di irin mú. Ìtọ̀ mi pọ́n bíi tíì. Nígbà tí mo gbé ike kejì jáde lápò níwájú dókítà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì, pé ìlọ́po ni mò ń lò. Àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan mi ti ń bàjẹ́. Ó dá méjèèjì dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tó oṣù kan kí ẹsẹ̀ mi tó padà bọ̀ sípò.

Apòògùn Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ sọ ọ́. Ìtàn ìrẹsì yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ewé gbọ́.

Olú wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Monascus ni àwọn ará Ṣáínà ń gbìn sí ìrẹsì, irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ìrẹsì náà á pọ́n, wọ́n sì ń fi í pa oúnjẹ láró, wọ́n ń fi í ṣe oògùn láti ayébáyé. Ní 1979, Akira Endo, ọmọ Japan, yọ èròjà kan jáde lára Monascus, ó pè é ní monacolin K. Òun náà gan-an ni lovastatin tí ilé-iṣẹ́ Merck yọ lára olú mìíràn. Ní 1987 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun sì ni àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ aláìsàn nínú statin, ìdílé oògùn tí atorvastatin àti simvastatin wà. Nítorí náà, oògùn tí bàbá Àkànkẹ́ dà sí ṣálángá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó, ìdílé olú yìí ni gbòǹgbò rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ìṣòro. Ike ìrẹsì pupa kan lè kún fún èròjà yìí, kí òmíràn máà ní rárá. Ní 2022, European Union ṣòfin pé èyí tí èèyàn máa lò lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó 3 mg. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan kó tirẹ̀ kúrò lọ́jà nígbà tí kíndìnrín àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́; májèlé olú mìíràn tó kó wọ inú rẹ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe monacolin K. Èyí tó bá lágbára láti ṣe iṣẹ́ oògùn, yóò ṣe ìpalára oògùn náà.

Adéṣínà

Apòògùn, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta oògùn ló ń sanwó ìwádìí. Mo ka ọ̀kan tí wọ́n pè ní SPORT, ti 2022, ní Cleveland Clinic, Amẹ́ríkà. Èèyàn bí 190, ọjọ́ 28. Wọ́n ní rosuvastatin 5 mg fa LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Pé aáyù, atalẹ̀ pupa, kínámọ́nì, epo ẹja àti ìrẹsì pupa tí ẹ ń sọ yìí kò ṣe ju oògùn òfìfo lọ. AstraZeneca tó ń ta rosuvastatin ló gbówó sílẹ̀! Ọjọ́ 28 náà sì kéré fún ewé.

Apòògùn Ọ̀ṣun

Òtítọ́ lẹ sọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ ká máa bi wọ́n. Ẹ wá wo èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà sanwó rẹ̀. Stanford ló ṣe é, ó jáde ní 2007. Èèyàn 192, oṣù mẹ́fà gbáko. Wọ́n fún àwọn kan ní aáyù tútù nínú búrẹ́dì, ìwọ̀n ẹyọ kan, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní èyí tí wọ́n lọ̀ gbẹ, àwọn kan èyí tí wọ́n ti rẹ pẹ́. LDL kò yẹ̀ lójú kan. Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí aáyù ti fà á díẹ̀, mi ò ní fi pamọ́, àmọ́ díẹ̀ yẹn kò lè gbé 182 débi tó yẹ.

Ní ti ewúro, ìfófò funfun tó ń ru sókè bíi ti ọṣẹ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, sàpónínì ló ń fà á, ohun tí àwọn onímọ̀ sì rò pé ó ń dí ọ̀rá lọ́nà nínú ìfun nìyẹn. Lára eku, ewúro fa ọ̀rá wálẹ̀. Orógbó náà ṣe é lára eku. Ẹ máa jẹ ewúro lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó ṣọ́ra fún omi rẹ̀ tó ki, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù. Ẹni tó bá sì wà lórí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó má fi aáyù púpọ̀ ṣeré, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá.

Táyé Mushin

Epo pupa ńkọ́? Wọ́n ní òun ló ń fà á.

Olóúnjẹ Abẹ́òkúta

Epo tó bá ti ara igi tàbí irúgbìn wá kì í ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró ẹ̀pà. Torí náà ẹ má jẹ́ kí èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì òróró pé kò ní in tàn yín, òróró kankan kò ní in. Ọ̀rọ̀ epo pupa ni pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń dì, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ yé dà á láti inú ìgò.

Oúnjẹ tí mo mọ̀ tó ń fà á wálẹ̀ díẹ̀ ni èyí tó ń yọ̀ nínú ìfun: oats, ẹ̀wà, ilá. Ó ń gbá òróòro mú, ó ń bá ìgbẹ́ lọ, ẹ̀dọ̀ á wá fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òróòro tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ gbọ́ èyí o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lo àgbo fún oṣù márùn-ún nítorí triglyceride 240. Ògógóró ni obìnrin náà fi rẹ egbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di 410. Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ń mutí, wọ́n ní rárá, àgbo ni. Ó dùn mí wọ egungun, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọtí gan-an ló ń gbé triglyceride sókè.

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Mo padà dé o. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹlẹ́wé sí bàbá létí. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ kẹwàá rèé tí mo ti ń mu aáyù yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ aáyù náà wò." Ibi tí a ti ṣe ti àkọ́kọ́ náà la lọ, wọn ò jẹun láti alẹ́ bí ti ìjọ́sí. Àpapọ̀ 259, LDL 176, HDL 41, triglyceride 210.

Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, ike Bournvita wà láàárín. Wọ́n fi ìka tọ 182, wọ́n fi ìka tọ 176. Wọ́n ní, "Gbogbo òórùn yìí, nítorí mẹ́fà?" Wọ́n ní kí n lọ ra oògùn wá.

Ìyá Ìbejì

Èmi náà lọ yẹ tèmi wò lánàá. LDL 151 ni wọ́n kọ. Apòògùn, ọmọ mi, ẹ ṣàlàyé fún mi, àyà mi ń já.

Apòògùn Ọ̀ṣun

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní 151 ni wọ́n ń fún lóògùn. Ọjọ́ orí yín, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ohun tó ti ṣe òbí yín ni dókítà máa kà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú ìwé náà lọ bá a, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń mu omi ewúro, bó ṣe pọ̀ tó gan-an. Ẹ má fi pamọ́ fún un.

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Oṣù méjì ti kọjá. Àpapọ̀ 179, LDL 104, HDL 43, triglyceride 160. Bàbá fi bírò kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà pálọ̀, lábẹ́ 182 àti 176. Aáyù ṣì wà, inú ọbẹ̀ ni mò ń gún un sí. Àgúnmu ti lọ.

Ọmọ Ẹlẹ́wé

Inú mi dùn dénú. Ẹ bá mi kí bàbá. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí, wọ́n ní kí n béèrè bóyá wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ bàbá wò pẹ̀lú.

Àkànkẹ́ Ìbàdàn

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pé a dúpẹ́. Oṣù kọkànlá ni àyẹ̀wò tó kàn.